Kí Wèrè Tó Wọ Ọjà

Bí ọmọ yín bá dìde nísinsìnyí tó pa rédíò yìí, tó ní èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, òun gan-an ni mò ń bú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì fi í rẹ́rìn-ín. Bó bá jáde, ẹ tan rédíò padà, kí ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tòní, tiyín ni.



Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lórúkọ. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo ti ṣà á jọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ogún ọdún ni, ó wà ní ọdún kejì ní poli. Lọ́dún tó kọjá, aláwàdà ilé ni. Nígbà tó dé fún ìsinmi lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá bá a sọ̀rọ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń rìn káàkiri pálọ̀ ní aago méjì òru. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ se ẹ̀fọ́ rírò, kò fọwọ́ kàn án. Bísíkíìtì tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ kan ló wá yọ́ ọ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp, pé àwòrán tí ẹnì kan gbé sórí status rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pòwe mọ́. Àbúrò wo àwòrán náà. Ìrẹsì àti dòdò ni.

Olúkúlùkù nínú ilé ló ní àlàyé tirẹ̀. Bàbá ní ọ̀lẹ ti wọ ọmọ náà lẹ́wù. Ìyá ní ọmọbìnrin kan ló já a kulẹ̀. Àǹtí tó wá kí wọn ní ayé ló ń ṣe é. Bàbá àti ìyá lè jàre, nítorí kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí ni orí rẹ̀ ń dàrú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé wo ni wèrè kò ní sí? Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni kí gbogbo rẹ̀ kóra jọ sára ọmọ kan ṣoṣo, kó sì máa le sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: oorun tó dojú rú, ìfura tí kò nídìí, ara tí kò wẹ̀ mọ́, èsì ìdánwò tó ń já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń fò láti orí èyí sórí ìyẹn, etí tó ń gbọ́ ohùn tí ará ilé kò gbọ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Dókítà kò ní bá wọn gbà á délẹ̀, nítorí wọ́n ti tọ́jú ẹni tó ti ń sùn lójú títì, tó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà rí kì í ṣe irọ́. Bí ìtọ́jú bá ṣe pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣòro tó fún ẹni náà láti padà sídìí ìwé, sẹ́nu iṣẹ́, sáàárín ọ̀rẹ́. Kí àìsàn ọ̀hún sì tó jáde lọ sọ́jà, ó ti wà ní pálọ̀ wa fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọdún. Àárín ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọgbọ̀n ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ọkùnrin lọ kó tó mú wọn. Ti abísínwín, tó ń mú ìyá ọlọ́mọ tuntun, yàtọ̀. A ó fún un ní ọjọ́ tirẹ̀.

Àwọn oṣù pálọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, ní 1994, dókítà kan tó ń jẹ́ Patrick McGorry àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Alison Yung ṣí kíláníìkì kan fún irú ọmọ yìí: ẹni tí kò tí ì ya wèrè, ṣùgbọ́n tí àmì ti ń yọ lára rẹ̀. Wọn kò gbé e sínú ọgbà ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ. Ọmọ ogún ọdún wo ló fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun rí òun níbẹ̀? Irú ọ̀dọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń wá. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń fura, tàbí tó ń gbọ́ ohùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tó ṣì lè sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òun ló ń rò ó. Èkejì ni ẹni tí orí rẹ̀ dàrú fún ọjọ́ díẹ̀, tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan, tó sì balẹ̀ fúnra rẹ̀ láìlo oògùn. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní àìsàn náà rí, tí òun náà wá ń já wálẹ̀ nídìí ìwé àti láàárín ẹgbẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tó wá sí kíláníìkì wọn, nǹkan bí ogójì ni àìsàn náà bọ́ sí gbangba lára wọn láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà, tí irú kíláníìkì yìí pọ̀ káàkiri ayé, iye náà wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde gbogbo wọn jọ, ó ku nǹkan bí márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ya wèrè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ sọ ọmọ rẹ̀ di wèrè lálẹ́ òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn márùndínlọ́gọ́rin wọ̀nyí ṣì ní ìdààmú mìíràn lọ́kàn, àníyàn, ìbànújẹ́ tí kò lọ, kí gbogbo nǹkan máa súni. Wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́ bákan náà, kò sì sí owó tàbí àkókò tó ṣòfò nínú kí a mú wọn lọ rí dókítà.

Mo ti dárúkọ ìdílé. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ilé Yorùbá ti ń fi nǹkan pamọ́. Kí a tó fẹ́ ọmọ ẹni kan, a máa ń rán ènìyàn lọ wádìí: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé wèrè kò sí nínú ìran wọn? Ìyá tó ní ọmọbìnrin méjì tí kò tí ì relé ọkọ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí aládùúgbò bá rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọgbà ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Aro. Nítorí náà, ó ti ìlẹ̀kùn. Èmi kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ nìyí: bí bàbá tàbí ìyá ẹnì kan bá ní irú wèrè tó le jù, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, nǹkan bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń ní i. Àádọ́rùn-ún kò ní in. Kódà nínú ìbejì tó jọra bí ìmumu, bí ọ̀kan bá ní in, èkejì lè má ní in títí ayé. Ẹ̀jẹ̀ ń dá sí i. Òun nìkan kọ́ ló ń pinnu.

Lára ohun tó ń dá sí i ni igbó. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé bàbá òun àgbà mu ún títí ó fi di àádọ́rin ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló mu ún tí orí wọn kò yí, àwọn kan sì wà tí wọn kò mu ún rí tí wọ́n ya wèrè. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní loud lónìí, bí ògógóró ṣe rí sí ẹmu ni ó rí sí ti bàbá bàbá yín. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù pẹ̀lú Brazil, fi hàn pé ẹni tó ń mu igbó tó le gan-an lójoojúmọ́, ewu kí àìsàn yìí mú un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò mu ún rí. Colorado tiẹ̀ wá burú jù. Kì í ṣe igbó, kẹ́míkà ni wọ́n fín sára ewé.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà jọ ṣe, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, sọ pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn ló mu igbó. Ẹkùn wa níhìn-ín, ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ni iye àwọn tó lo oògùn olóró ga jù lọ, ìpín 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá rí igbó nínú àpò ọmọ yín, ẹ má lé e jáde nílé. Ilé tí ẹ lé e kúrò yẹn nìkan ni ibi tí ojú ti lè máa tó o.

Ibo ni a máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ yìí lọ? Ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí ní Èkó àti Ìbàdàn ló sọ ohun tí ẹ ti mọ̀: ọ̀dọ̀ wòlíì, ọ̀dọ̀ ààfáà, ọ̀dọ̀ onísègùn. Ilé ìwòsàn ló ń kẹ́yìn. Èmi kò wá síbí láti fi onísègùn ṣe ẹlẹ́yà. Kí dókítà òyìnbó tó mọ oògùn kankan fún wèrè ni àwọn baba wa ti ń gbẹ́ gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ. Ohun tó ń mú wèrè rọlẹ̀ nínú rẹ̀, reserpine, wà pẹ̀lú nínú ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà, àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì lò ó fún ìtọ́jú wèrè ní àwọn ọdún 1950. Ohun tí mo kórìíra ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Ààwẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí oorun ti sá fún, tí ẹ tún ní kó máa ṣọ́ òru pẹ̀lú ebi nínú, ẹ̀ ń dá kún ohun tó ń ṣe é ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ tàbí ilé àdúrà pa. Ní agbègbè Ìbàdàn, àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ bẹ àwọn aláìsàn wò níbẹ̀, kí wọ́n gbé oògùn dání, kí wọ́n sì bá onísègùn tàbí wòlíì jíròrò lórí ohun tí kò yẹ kó ṣe sí aláìsàn. Aláìsàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì tọ́jú papọ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, The Lancet, ní 2020. Nítorí náà, bí pásítọ̀ yín bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ẹ kàn bi í léèrè pé: ẹ̀yin sà, nọ́ọ̀sì wo lẹ mọ̀ tó lè bá wa wò ó pẹ̀lú?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Aro bà yín lẹ́rù jù. Ní 1954 ni Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó wà ní àyíká ibẹ̀, tí ìbátan aláìsàn sì ń bá a gbé, ó ń dáná fún un, ó ń bá a fọṣọ. Wọn kò ní kí a gbé wèrè jù sẹ́yìn odi kí a máa lọ. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá wò ó. Ní ti òfin, ti 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè nínú ìwé ìjọba ti kógbá wọlé. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní oṣù kìíní 2023.

Ẹ̀rù mìíràn tó ń ba òbí ni pé bí ọmọ bá ti débẹ̀, abẹ́rẹ́ tí yóò sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀ ni wọn yóò fún un. Fún ọmọ tó ṣì wà ní ipele pálọ̀, ìlànà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2014 sọ pé kí wọ́n má ṣe fún un ní oògùn wèrè rárá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú onímọ̀. Onítọ̀hún kò ní sọ pé irọ́ lo ń pa. Yóò bi í pé: kí lo rí tó fi dá ọ lójú pé ìwọ ni wọ́n fi ìrẹsì yẹn pòwe mọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló dá ọ lójú? Bí kò bá jẹ́ ìwọ, kí ni ì bá tún jẹ́? Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà á máa yẹ èrò ara rẹ̀ wò. Wọ́n á tún oorun rẹ̀ ṣe, wọ́n á bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á pe ìyá àti bàbá jókòó. Bí àìsàn náà bá wá bọ́ sí gbangba, oògùn di dandan nìyẹn, a kì í sì í dá a dúró láìsọ fún dókítà nítorí pé ara ti yá.

Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí mo mọ àwọn tó ń ta nǹkan nínú ọkọ̀. Ní 2010, ní ìlú Vienna, wọ́n fún ọ̀dọ́ mọ́kànlélógójì tó wà ní ipele pálọ̀ yìí ní epo ẹja fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, wọ́n fún ogójì mìíràn ní èyí tí kò ní nǹkan nínú. Lẹ́yìn ọdún kan, méjì péré ló ya wèrè nínú àwọn ti epo ẹja, mọ́kànlá nínú àwọn yòókù. Gbogbo ayé pariwo. Wọ́n wá tún un ṣe pẹ̀lú ọ̀dọ́ 304 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2017, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta epo ẹja fún yín pé ó ń dènà wèrè, ẹ fi ẹja tútù se ọbẹ̀.

Ó kù kí a mọ ohun tí a ó sọ fún ọmọ náà gan-an. Ẹ má bá a jiyàn pé kò sí ohùn kankan. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ìyá lè sọ pé: "Ọkọ mi, èmi ò gbọ́ ohùn yẹn o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ọjọ́ wo lo sùn dáadáa kẹ́yìn?" Oorun ni ìlẹ̀kùn tó rọrùn jù láti wọlé, torí òun náà mọ̀ pé òun ò sùn. Ẹ má tàn án pé òde ìyàwó ni ẹ ń lọ. Ẹ ní nítorí oorun yìí, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Bó bá wà ní yunifásítì, ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ, bíi Jájà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà: UCH ní Ìbàdàn, Yaba ní Èkó, Aro ní Abẹ́òkúta, àti ti Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń mu, bó bá ti ní wárápá tàbí ibà líle láìpẹ́, torí ibà àti àìsàn ara mìíràn lè da ọpọlọ rú, dókítà yóò sì fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá ní ohùn náà ń rán òun pé kí òun pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀la mọ́. Alẹ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ tètè lọ bá dókítà ìdílé yín. Ìwádìí ti fi hàn pé àìsàn yìí ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ju àwọn òyìnbó lọ, ọlọ́pàá ló sì ń gbé púpọ̀ nínú wọn dé ilé ìwòsàn. Láti 2016, ìlànà ibẹ̀ ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Ẹ lè béèrè pé kí ni rédíò lè ṣe sí ọ̀rọ̀ àìsàn. Ní agbègbè Rogaland ní Norway, ìdajì àwọn tí wèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ló ti ń lo ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ kí ìtọ́jú tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àmì rẹ̀ lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, ní ilé sinimá. Wọ́n fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí ojúlé, wọ́n kọ́ àwọn tíṣà. Wọ́n ní nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni lè pè láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà, òṣìṣẹ́ ìlera á sì ti rí ọmọ náà láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn di márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn ibẹ̀ ló ti gbádùn délẹ̀. Níbi tí wọn kò ti ṣe irú ìpolongo yìí, ní Oslo àti ní Denmark, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá ìpolongo dúró. Nọ́ńbà fóònù ṣì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà. Rédíò àti ìwé ìròyìn nìkan ló dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún padà di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó tún sọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ yóò wà pẹ̀lú wa láti gba ìpè yín. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí aládùúgbò mọ ohùn yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, a ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.